Tọ́ àti Tọ̀: Ọmọ Ajá Nínú Ìtàn Ilé Yorùbá

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni tọ́, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Èkejì ni tọ̀, èyí tí ìtọ̀ ti wá. Ẹ̀kẹta náà ni tọ̀, èyí tó wà nínú ‘tọ̀ mí lẹ́yìn’. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ fonọ́lọ́jì á rántí pé tí ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn àárín ló máa ń di. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé ajá ń tọ ọdẹ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ajá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pàdé lára ẹ̀dá kan ṣoṣo, ìyẹn ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Ó ń tọ̀ yín lẹ́yìn káàkiri pálọ̀, ó ń tọ̀ sórí táìsì yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọmọ ajá kó máa jáde síta lọ ṣe tirẹ̀? Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn onílé lónìí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń kọ́lé olódi. Àwọn bàbá ńlá wa kì í béèrè rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò ní ajá o. Ajá wà lọ́wọ́ ọdẹ, ó wà nínú agbo ilé, ó wà lójúbọ Ògún. Kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀gbin. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ajá tòní kò yàtọ̀ sí ajá àná. Ilé wa ló yí padà, ìyípadà ilé náà ló sì bí ìṣòro tá a wá ń dì ru ọmọ ajá.

Ilé tí kò jìnnà sí ìta

Ẹ wo bí agbo ilé àtijọ́ ṣe rí. Yàrá kéré, ó ṣókùnkùn, ibi orun àti ibi ẹrù ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń gbé ìgbé ayé wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí àgbàlá, ìgbésẹ̀ kan péré ni. Láti àgbàlá, èèyàn á gba ẹ̀yìnkùlé, á sì dé ààtàn. Kò sí géètì láàárín, kò sí ilẹ̀kùn onírin, kò sí àtẹ̀gùn. Ajá tó bá sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níta tán.

Ilẹ̀ ilé pàápàá, erùpẹ̀ ni, tí àwọn obìnrin fi ẹlẹ́bọ́tọ́ àti omi ewé pa títí tó fi ń dán. Bí ọmọ ajá bá tọ̀ sí i, ilẹ̀ á fà á mu. Wọ́n á bu eérú lé e, wọ́n á gbá a, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa jí láàárọ̀ bá adágún ìtọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń kọ mànà bíi jígí.

Èyí ò ní ká rò pé Yorùbá ò mọ ilẹ̀ ẹlẹ́wà. Ní Ilé-Ifẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti ń to àpáàdì sí àgbàlá, wọ́n ń tò ó ní ìdúró, ọ̀kan ti èkejì, títí ilẹ̀ á fi le tí omi òjò ò ní lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń bá a pàdé nínú ilẹ̀ títí dòní. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n àgbàlá ni ilẹ̀ yẹn wà, ìta gbangba ni. Òjò ló ń fọ̀ ọ́.

Èdè wa tọ́jú ìtàn yìí pa mọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: yàgbẹ́. Ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀ bá ìgbẹ́ tí ọdẹ ń wọ̀ dọ́gba ní ìró, ó bá a dọ́gba ní ohùn. Ibi tá à ń lọ àti ohun tá a lọ ṣe níbẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ létí olùgbọ́. Nígbà tí àgbàlagbà bá fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á ní òun fẹ́ gbọnsẹ̀, tàbí òun fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Gbọn ẹsẹ̀ kẹ̀! Ṣé ẹ rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbé èèyàn kúrò nínú ilé? Èdè tó dá irú ọ̀rọ̀ báyìí sílẹ̀ ti gbà pé ìta ni ibi ìdọ̀tí. Ajá tó ń gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́ ò nílò ilé ìwé kankan.

Ìyá ajá ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ láyé ọmọ ajá, kò lè dá tọ̀, kò sì lè dá yàgbẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń lá a nídìí kó tó lè ṣe é, òun náà ló sì ń lá ẹ̀gbin ọ̀hún nílẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ranlẹ̀ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbi tó ń sùn kó tó ṣe tirẹ̀. Tó bá fi máa tó oṣù méjì, á ti ní ojú ibi kan tó fẹ́ràn, á máa gbóòórùn rẹ̀, á máa padà síbẹ̀. Ìwà yìí ti wà nínú ajá kó tó di pé èèyàn dá sí i. Nínú agbo ilé, ọmọ ajá á tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn dé ààtàn, á gbóòórùn ohun tí ìyá gbóòórùn, á sì ṣe bí ìyá ti ṣe. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ìyẹn ló fi tọ́ ọ.

Ọmọdékùnrin tó ń tọ́jú ajá

Ní ìparí 1825, Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, gúnlẹ̀ sí Badagry pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander. Wọ́n gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá, wọ́n sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní 1826, nígbà ayé Aláàfin Májòtú. Clapperton kú ní Sókótó ní 1827, ṣùgbọ́n ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1829. Nínú ìwé náà, ó sọ ohun kan tó yà á lẹ́nu nípa ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní àwọn èèyàn ńlá níbẹ̀ ń fi ọ̀já tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sí ajá wọn lọ́rùn, pé ajá á jókòó ti olówó rẹ̀, á sì tẹ̀ lé e lọ síbi tó bá ń lọ. Ó ní òun ò rí ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà tí wọ́n ti ń ṣe ajá jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó tún ní lójú tòun, ó dà bíi pé wọ́n yan ọmọdékùnrin kan kó máa tọ́jú ajá ọ̀hún.

Lójú tèmi, gbólóhùn nípa ọmọdékùnrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ajá tó bá ń jókòó ti ìjòyè nínú ààfin, lórí ẹní, láàárín àwọn àlejò, kò sí lọ́dẹ̀dẹ̀ agbo ilé mọ́. Ìta ti jìnnà sí i. Kí ni Ọ̀yọ́ ṣe? Wọ́n fi èèyàn tì í. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni láti mọ ìgbà tí ajá fẹ́ jẹun, ìgbà tó fẹ́ mumi, àti ìgbà tó yẹ kó jáde. Nígbà tí àwa náà bá gbé ajá wọ pálọ̀, ipò ìjòyè la fi í sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a ò yan ọmọdékùnrin kankan tì í. A lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, a padà dé nírọ̀lẹ́, a wá bínú.

Mi ò fẹ́ fi oyin sí ìtàn yìí o. Ilẹ̀ Yorùbá kan náà tó fi owó ẹyọ sí ajá lọ́rùn ló ń fi ajá bọ Ògún, tó sì ń jẹ ẹran rẹ̀. A ò lè pa èyí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan náà fún wa, pé ajá kì í ṣe ẹran lásán láàárín wa. Ó ní ipò, ó ní iṣẹ́, ó sì ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gbé wa dé etí omi. Ní Ògùn Waterside, láti Abigi títí dé etí ọ̀sà, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ ń gbé pọ̀. Ní 1980, onímọ̀ ìtàn àbáláyé, J. O. Ojoade, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Names, lórí orúkọ ajá 101 láàárín àwọn Ìlàjẹ. Òwe ni àwọn orúkọ náà. Bí ọkùnrin kan bá sọ ajá rẹ̀ ní Ta-ní-mọ̀la, tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀ tó ń pè é kó jáde, ajá á gbọ́ pé kóun máa bọ̀, aládùúgbò tó ń fojú pa á rẹ́ á sì gbọ́ tirẹ̀. Ẹ wá ro ilé orí òpó tí wọ́n ń kọ́ létí òkun àti létí ọ̀sà, níbi tí pákó jẹ́ ilẹ̀, tí omi sì wà lábẹ́ pákó. Níbẹ̀, ìta kì í ṣe ibi tí ajá kàn máa ń ṣèèṣì bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó jáde ní láti pè é, kó sì mú un lọ. Orúkọ ni okùn àkọ́kọ́ tá a so mọ́ ajá lọ́rùn.

Wolé-wolé dé

Àwa èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé yìí, kó tó kan ajá. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìlera gbogbo ènìyàn ní 1917, àwọn òṣìṣẹ́ tó sì ń wọ ojúlé dé ojúlé láti yẹ ìmọ́tótó wò gba orúkọ tí kò tíì kú títí dòní: wolé-wolé. Wọ́n á yọjú sínú àmù bóyá tanwíjí wà nínú omi. Wọ́n á yí ẹ̀yìnkùlé po. Wọ́n á béèrè ṣáláńgá. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá mọ́ á fojú ba ilé ẹjọ́, á sanwó ìtanràn. Nílùú Èkó, agbépòó ń ru garawa lóru, títí omi ẹ̀rọ fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wolé-wolé ṣe iṣẹ́ rere. Ó dín àrùn kù, kò sì yẹ ká fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà gbà dé. Ìbẹ̀rù ló gbé e wá. Bí ìròyìn bá tàn pé wolé-wolé ti wọ àdúgbò, ariwo á sọ, wọ́n á da omi àmù nù, wọ́n á gbé ohun tí kò yẹ kó rí pa mọ́. Tó bá ti kọjá, kálukú á padà sí bó ṣe wà. Nígbà tí ìjọba Buhari àti Idiagbon gbógun ti ìwà àìgbẹ̀kọ́ ní 1984, kòbókò sójà ló wà nídìí ẹ̀kọ́ náà. Ìlú mọ́ fúngbà díẹ̀. Ní 2018, ìwádìí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 47 ọmọ Nàìjíríà ló ṣì ń yàgbẹ́ ní gbangba, débi pé ní oṣù kọkànlá 2019, ààrẹ ní láti tọwọ́ bọ àṣẹ pàtàkì lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rárá. Ẹ fi òkodoro yìí sọ́kàn: ìbẹ̀rù lè kọ́ èèyàn láti fara pa mọ́. Kò lè kọ́ ọ níbi tó yẹ kó lọ nígbà tí kò sí ibi tó yẹ.

Láàárín àkókò yìí, ilé ń yí padà. Símẹ́ńtì rọ́pò erùpẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì bo símẹ́ńtì. Táìsì wá rọ́pò kápẹ́ẹ̀tì. Ọgbà gíga yí ilé ká nítorí olè. Àgọ́-Ìwòyè tí yunifásítì dé sí ní 1982 ti di ìlú tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀, yàrá lórí yàrá, balùwẹ̀ nínú yàrá. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé tẹ́lẹ̀, pákó ti jáde nínú igbó, ilé sì ti wọ ibẹ̀. Ààtàn kúrò, ẹ̀yìnkùlé di símẹ́ńtì. Èèyàn rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbà dípò ohun tó sọnù. Ajá ò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n gbé e sínú páálí, wọ́n gbé e dé ilé tí kò ti gbóòórùn erùpẹ̀ rí. Ó tọ̀. Wọ́n ní ajá burúkú ni.

Ẹgba, ata, àti imú ajá

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Wọ́n á na ọmọ ajá. Wọ́n á ki imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀. Àwọn mìíràn á fi ata sí i nímú. Wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá nìyẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan. Òyìnbó náà gba ọ̀nà yìí fún ìgbà pípẹ́. Ní 1910, Konrad Most, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ ajá ọlọ́pàá, tẹ ìwé kan jáde lórí bá a ṣe ń kọ́ ajá. Ó mọ̀ dájú pé ajá kì í ronú bí èèyàn, pé àsìkò tí èrè tàbí ìyà bá dé ló ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, ipá pọ̀ nínú ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ológun àti onílé sì fi tẹ̀ lé e. Pavlov ti Rọ́ṣíà, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, ti fi hàn pé ajá lè so ìró mọ́ oúnjẹ títí itọ́ á fi máa yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí oúnjẹ. Ní 1951, B. F. Skinner ti Amẹ́ríkà kọ àpilẹ̀kọ kan fún àwọn ará ilé lásán lórí bí wọ́n ṣe lè kọ́ ẹranko: ẹ fún un ní èrè lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kó má sì pẹ́ rárá. Ní 1965, Scott àti Fuller tẹ ìwé ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine, jáde. Wọ́n fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí jù láti mọ èèyàn àti ayé. Ìyẹn ni pé ìgbà tá a ń nà án gan-an ni ìgbà tó ń pinnu irú ẹ̀dá tí èèyàn jẹ́.

Kí ló dé tí ẹgba kì í ṣiṣẹ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀ láàárọ̀, ìyà dé nírọ̀lẹ́. Ajá ò lè so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ohun tó rí ni pé olówó òun wọlé, ilẹ̀ tutù, òun jìyà. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn tí wọ́n sì nà án, ẹ̀kọ́ tó kọ́ ni pé kò dára kóun tọ̀ níṣojú èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn àga ni yóò lọ. Ẹ óò tún mú un jáde síta, ẹ óò dúró tì í, kò ní ṣe é, nítorí ẹ wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé báyìí, ó di abẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ wolé-wolé àti omi àmù náà ló tún dé yìí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́

Ọgbọ́n rẹ̀ ò lágbára jù. Ẹ dá ohun tí agbo ilé ní padà: ìta tó sún mọ́ ilé, olùkọ́ tó wà nítòsí, òórùn ibi kan náà. Ọmọ ajá oṣù méjì ò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ lójúmọmọ. Ẹ mú un jáde tó bá jí, tó bá jẹun tán, tó bá mumi, tó bá ṣeré tán, àti kó tó sùn. Ẹ máa gba ẹnu ọ̀nà kan náà, kẹ́ ẹ máa lọ síbi kan náà. Tó bá ń gbóòórùn ilẹ̀ tó ń yí po nínú ilé, ẹ má ṣe dúró wò ó, ó ń wá ààtàn ni. Tó bá ṣe é síta, ẹ yìn ín níbẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fún un ní ẹja díẹ̀ kí ẹ tó padà wọlé. Tó bá ṣe é sínú ilé, ẹ nù ún láìpariwo. Ẹ má ṣe lo ohun ìfọ̀lẹ̀ tó ní ammonia nínú, nítorí òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀ nímú ajá. Omi ọṣẹ dáadáa, lẹ́yìn náà omi àti fínígà díẹ̀, ó tó. Nígbà tí ẹ ò bá lè ṣọ́ ọ, ẹ fi í síbi kékeré tó lè dùbúlẹ̀ sí, torí ajá kì í fẹ́ ba ibi tó ń sùn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ọ̀pọ̀ wọn á ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wọlé ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi pè é. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Jámánì ròyìn ajá kan tó ń jẹ́ Rico, tó mọ orúkọ nǹkan bí 200. Ní 2016, àwọn ti Budapest fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ ajá nígbà tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé ajá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ó ń gbọ́ bí a ṣe gbé ohùn sókè sódò lọ́tọ̀, ibi tó ń dùn mọ́ ọn nínú ọpọlọ sì ń jí jù nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyìn àti ohùn ìyìn bá pàdé. Ẹ wá wo ilé tiwa. Bàbá ní ‘jáde’. Ìyá ní ‘ó yá, bọ́ síta’. Àwọn ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún iṣẹ́ kan, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sì ń retí pé kó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan. ‘Ìta’ dára: sílébù méjì, kò pẹ́ lẹ́nu. Kí gbogbo ilé máa pè é bákan náà, pẹ̀lú ohùn ẹni tí inú rẹ̀ dùn.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀

Ẹnì kan lè ní, Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló kàn wá nínú ìtọ̀ ajá? Ó kàn wá gan-an. Àkọ́kọ́, ìgbẹ́ ọmọ ajá lè gbé ẹyin aràn tí ìyá rẹ̀ ti fi ràn án kí wọ́n tó bí i. Ẹyin yẹn á wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè ran ọmọdé tó ń fọwọ́ ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá kó o lójoojúmọ́ ti já okùn náà. Èkejì ni àrùn ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń pè ní parvo. Ní 1978 ni ayé mọ̀ ọ́n, ó sì tàn ká gbogbo àgbáyé láàárín ọdún bíi méjì. Inú ìgbẹ́ ajá ló ń gbé, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, kí ọmọ ajá tó parí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, inú ọgbà yín ni ‘ìta’ tirẹ̀, kì í ṣe ojú títì. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta kò jìnnà jù fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ọmọ ajá tí wọ́n lé síta nítorí ó ba pálọ̀ jẹ́ kò kú lọ́jọ́ náà. Ó di ajá ìgboro. Kò sẹ́ni tó máa gún un lábẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gé e jẹ. Nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àrùn dìgbòlugi ti ń rí ibi gbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 59 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnu ajá ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì kàn jù. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, láti 1885 ni Louis Pasteur ti fi abẹ́rẹ́ gba ọmọdé kan là lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ti wà láti ìgbà yẹn. Àjẹsára fún ajá tó nílé rọrùn. Ta ló máa mú ajá tí kò nílé dúró? Sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pẹ̀lú ọmọ ajá lè jẹ́ ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń rìn kiri.

Ní 1978 kan náà, ìlú New York ṣe òfin pé ẹni tó bá mú ajá jáde gbọ́dọ̀ kó ìgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan fi òfin náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ajá á gbàgbé. Òun kọ́ ló ra táìsì, òun kọ́ ló mọ ọgbà yí ilé ká. Àwa tá a mú ìta jìnnà sí i la ní láti máa mú un dé ibẹ̀ ní àràárọ̀, títí tí yóò fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Èdè wa sì ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ìtọ́sọ́nà.